Kí ló kan ojúlówó nínú ọ̀rọ̀ kóró àsálà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọlé tẹ́ ẹ dábàá lédè Yorùbá fún ọ̀rọ̀ nípa walnut (igi àsálà àwọn òyìnbó, tí orúkọ ìjìnlẹ̀ ẹ̀ ń jẹ́ Juglans) yẹn, "àwọn àbùdá igi tó ń pinnu ìjójúlówó kóró àsálà", mo fara mọ́ kóró (ẹni tó ní ká lo ekùrọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ekùrọ́ sílẹ̀ fún ọ̀pẹ), àmọ́ ìjójúlówó yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ayédèrú ni òdìkejì ojúlówó. Àsálà tí kóró ẹ̀ dúdú tó tún rún, ojúlówó àsálà náà ni, kò kàn dáa ni. "Bí kóró ṣe dáa tó" ti tó, ó gùn díẹ̀ lóòótọ́.

Àbùdá gan-an ni mo fẹ́ ká jà lé lórí. Ohun tí igi jogún là ń pè bẹ́ẹ̀. Bí èèpo ṣe nípọn tó, àbùdá ni. Bí abala èèpo méjèèjì ṣe lẹ̀ mọ́ra tó, àbùdá ni, tó bá dẹ̀ jù omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ á wọlé, kòkòrò náà á wọlé, tó bá sì le jù wọn á fọ́ ọ títí kóró á fi rún wómúwómú dípò kó jáde ní ìlàjì-ìlàjì. Ìdá tí kóró kó nínú ìwọ̀n èso náà ńkọ́? Èso gíráàmù 14 tí kóró ẹ̀ jẹ́ 7, ìdá 50 nínú 100 nìyẹn, ibẹ̀ lojú àwọn tó ń mú irú tuntun jáde wà. Chandler, irú igi walnut kan tí Yunifásítì Kalifóníà ní Davis gbé jáde lọ́dún 1979, ń ṣe bíi 49.

Wàyí o, àwọ̀ awọ tó bo kóró (ẹ wo àmì ohùn yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó fèsì o!). Chandler jogún àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, ìyẹn dájú, ṣùgbọ́n jẹ́ kí oòrùn jó o lórí igi, tàbí kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kórè ẹ̀, ó máa dúdú. Ṣé àbùdá ni dídúdú yẹn? Èmi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká lo àbùdá fún ohun àjogúnbá nìkan, ká wá lo àmúyẹ fún ohun tójú rí tí wọ́n fi ń to kóró sí ìsọ̀rí.

Ó ku àsálà fúnra ẹ̀. Èyí tí Yorùbá mọ̀, ìtàkùn ni, kò bá Juglans tan rárá, ẹ fi "òyìnbó" kún un: "Àwọn àbùdá tó ń pinnu bí kóró àsálà òyìnbó ṣe dáa tó". Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá.