Òkègbémiró: orúkọ bàbá ńlá wa tó di sọ́néèmù, ẹ̀yin náà ẹ sọ ti yín

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ Yàgbà ni mí, lára àwa Okun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí (Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀), ìlú wa ò jìnnà sí Ìsánlú. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo ní kí n gbé e wá síbí kí kálukú sọ ohun tójú ẹ̀ rí.

Òkègbémiró ni sọ́néèmù wa. Láti pírámárì títí mo fi jáde yunifásítì, mi ò bá ẹlòmíì pàdé tó ń jẹ́ ẹ. Adéyẹmí á pé mẹ́ta mẹ́rin nínú kíláàsì kan, Ọlọ́runfẹ́mi ò lóǹkà, èmi nìkan ni Òkègbémiró. Tí tíṣà bá ti ń pe rẹ́jísítà tó wá dákẹ́ díẹ̀, mo ti mọ̀ pé ó ti kàn mí nìyẹn.

Bàbá tó bí bàbá bàbá mi ló ni orúkọ náà. Ìgbà ogun Núpé ni wọ́n bí i. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, bí àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà ṣe máa ń wá kó èèyàn, tí ìlú tó bá gbà láti máa sìn wọ́n náà á máa san ìṣákọ́lẹ̀, tí wọn ò bá rí nǹkan san mọ́ ọmọ èèyàn ni wọ́n ń fi san án. Bí wọ́n bá ti gbúròó ẹṣin, orí òkè ni gbogbo ìlú ń gbà lọ, torí ẹṣin ò lè gun àpáta. Orí òkè yẹn ni ìyá bàbá yìí ti rọbí, abẹ́ àpáta kan tó yọ síta bí òrùlé, wọn ò dáná torí kí ọ̀tá má baà rí èéfín, obìnrin méjì ló gbẹ̀bí ẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọmọ yè, ìyá yè. Òkè ló gbé wọn ró lóòótọ́, ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ nìyẹn. Ìgbà tí àwọn Royal Niger Company, iléeṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun Bídà lọ́dún 1897 làwọn tiwa tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ wá tẹ̀dó sí pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ rèé. Orúkọ bàbá yẹn kì í ṣe sọ́néèmù, ó kàn jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni, kò sì sẹ́ni tó ní sọ́néèmù nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ẹ́ á bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́, agbo ilé wo, kí ni oríkì yín, kí lẹ kì í jẹ, ó tán. Rẹ́jísítà ilé ìwé ló sọ ọ́ di sọ́néèmù. Àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) dé Ẹ̀gbẹ́ ní ilẹ̀ Yàgbà lọ́dún 1908, ọ̀gbẹ́ni Titcombe nìyẹn, ilé ìwé ìjọ wá ń tàn káàkiri ilẹ̀ Yàgbà bọ̀. Nígbà tó kan bàbá bàbá mi láti wọlé, tíṣà bi í pé kí ni orúkọ ẹ, ó ní Sámúẹ́lì, torí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi fún un, tíṣà ní kí ni orúkọ bàbá ẹ, ó ní Òkègbémiró. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo àbúrò ẹ̀, ìyá kan náà bàbá kan náà. Nígbà tí òun fi máa wọ ilé ìwé, bàbá wọn náà ti gba Kristi, ó ti di Jòsẹ́fù. Tíṣà bi í ní ìbéèrè kan náà, òun dáhùn pé Jòsẹ́fù. Gbogbo ọmọ ẹ̀ títí dòní, Jòsẹ́fù ni wọ́n. Ẹnì kẹta wọn bá àwọn oníṣòwò lọ sí Lọ́kọ́ja, ó di Mùsùlùmí níbẹ̀, ó ń jẹ́ Ìbúráhíìmù, orúkọ yẹn làwọn ọmọ ẹ̀ náà sì fi ń parí orúkọ tiwọn. Ọkùnrin kan ṣoṣo, sọ́néèmù mẹ́ta. Ìdí tí Òkègbémiró fi ṣọ̀wọ́n nìyẹn. A ò kéré níye, ìdá kan péré nínú wa ló ń jẹ́ orúkọ náà ni.

Mo wá a lórí Facebook, mo tún wá a lórí àwọn ojúlé tó máa ń ya máàpù ibi tí orúkọ wà. Àwọn tiwa ni mo rí ní Àbújá àti Èkó, mo mọ gbogbo wọn. Àfi àwọn kan ní Ìbàdàn! Inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn lọ́jọ́ yẹn, mo ní bóyá àwọn tí Núpé kó lọ ni, bóyá wọ́n já bọ́ sí Ìbàdàn. Mo kọ̀wé sí màmá kan láàárín wọn, màmá náà fèsì tìfẹ́tìfẹ́, ó ní ìyá àgbà àwọn ló tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Òkèbàdàn, òkè tí wọ́n ń bọ ní Ìbàdàn, nígbà tó rí i bí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òkè tiwọn nìyẹn, kì í ṣe òkè tiwa. Ó dùn mí o, mi ò ní purọ́. Orúkọ kan náà gẹ́lẹ́, àmì orí ẹ̀ kan náà, kò sì sí nǹkan tó pa wá pọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́?

ỌMỌ OWÉ
Òótọ́ lẹ sọ. Ní ti àwa ní Kábà, oyè ló di sọ́néèmù. Ẹ mọ̀ pé Ọbaro, Ọbadọ́fin àti Ọbajẹmu ni oyè ńlá mẹ́ta ilẹ̀ Owé. Baba ńlá wa jẹ ọ̀kan nínú ẹ̀, mi ò ní sọ èwo, àwọn ọmọ ẹ̀ fi orúkọ oyè yẹn forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé, torí kò sẹ́ni tó jẹ́ fi orúkọ àbísọ pe bàbá yẹn mọ́ lẹ́yìn tó joyè, àwọn ọmọdé ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo dé ọ́fíìsì kan lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn láti ṣe ìwé, ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò mí, ó ní bàbá, orúkọ la bi yín kì í ṣe oyè, tó bá jẹ́ oyè ẹ mú ìwé tí wọ́n fi jẹ yín wá. Mo ṣàlàyé títí, ó ní kí n lọ búra wá ní kóòtù. Mo lọ búra pé orúkọ mi ni orúkọ mi. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé a ò mọ orúkọ àbísọ bàbá yẹn mọ́ títí dòní. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ̀yìn ti kú kí n tó gbọ́n tó láti bi í.

ÌYÁ ÌBEJÌ, ÌJÙMÚ
Ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí o, ọmọ mi. Èmi ò lọ sórí máàpù kankan, inú ilé mi lọ̀rọ̀ ti bá mi.

Ọmọ mi ọkùnrin mú ọmọbìnrin kan wálé láti Àbújá. Ọmọ dáadáa, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó gbọ́ èdè wa yékéyéké. Ó ní Ìjùmú náà lòun ti wá, a ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, a ò ní máa wá ògbufọ̀. Jákọ́bù ni sọ́néèmù tiwa, tiwọn ni Máíkẹ́lì. Kí ló tún kù? A gbádùn ara wa ní tiwa, a ti ń sọ̀rọ̀ mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́, mo ti ń wo aṣọ.

Ọjọ́ kejì ni mo se ọbẹ̀, mo fi ìgbín sí i nítorí àlejò, èmi fúnra mi kì í jẹ ẹ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ mi torí èèwọ̀ wọn ni, àlejò la máa ń sè é fún. Mo gbé e fún ọmọ yìí, ó ní Mọ́mì ẹ má bínú, a kì í jẹ ẹ́ nílé wa. Mo ní ṣé dókítà ló ní kó má jẹ ẹ́ ni, ó ní rárá, bàbá bàbá òun ló kà á léèwọ̀ fún wọn. Ìyá ọkọ mi wà lórí ìjókòó níbẹ̀, ó ti dàgbà gan-an, a rò pé kò gbọ́. Ó kàn gbé orí sókè, ó ní, “Ọmọ, kì ara ẹ fún mi.” Ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ oríkì tí bàbá ẹ̀ kọ́ ọ, kò tíì ju ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ tí màmá fi gbà á lẹ́nu ẹ̀, màmá ló kì í parí. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Ẹ ò rí i pé bàbá Jákọ́bù àti bàbá Máíkẹ́lì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọ̀kan dúró sílé, èkejì ṣí lọ sí abúlé ìyá ìyàwó ẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì jà lórí oko. Kálukú ṣèrìbọmi níbi tó wà, àwọn ọmọ kálukú fi orúkọ ìrìbọmi bàbá wọn ṣe sọ́néèmù. Ìran kẹta nìkan ni, ẹ̀jẹ̀ ò sì tíì jìnnà. A tú u ká ni, ẹkún pọ̀ nínú ilé yìí lóṣù yẹn. Ọmọ mi ti fẹ́ ẹlòmíì báyìí, ọmọbìnrin náà ti relé ọkọ, Àǹtí làwọn ọmọ wa ń pè é, ó máa ń wá kí mi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé oríkì ti di nǹkan àtijọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín. Sọ́néèmù ì bá ti tì wá sí kòtò.

ỌMỌ Ọ̀WỌ́RỌ̀
Tiwa ò tiẹ̀ dúró lójú kan. Bàbá mi fi orúkọ bàbá tiẹ̀ ṣe sọ́néèmù, èmi fi orúkọ bàbá mi, àwọn ọmọ mi ń fi tèmi. Ìran mẹ́ta, sọ́néèmù mẹ́ta, kò sì rú wa lójú rí láyé ìgbà tí gbogbo ìlú mọ ara wọn. Ìgbà tí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, dé lọ́dún 2014 tí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba, náà tún wá gbilẹ̀ ni wàhálà dé, wọ́n ní báwo ni èmi ṣe lè jẹ́ bàbá ọmọ tí sọ́néèmù wa ò bára mu. Mo ná owó lórí àfídéfíìtì àti ìwé ìròyìn ju owó ilé ìwé tẹ́ẹ̀mù kan lọ. Mo sì gbọ́ pé ní Iceland bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí dòní, orúkọ bàbá ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi son sí i fún ọkùnrin, dóttir fún obìnrin, ìjọba wọn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò lè mọ tiwa?

ỌMỌ BÙNÚ
Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ẹ ní bóyá àwọn tí Núpé kó lọ ló wà ní Ìbàdàn. Ẹ tún wo ọ̀nà òkun.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tí wọ́n tà sókè òkun, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú omi, wọ́n kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró (Sierra Leone). Ará Jámánì kan tó jẹ́ míṣọ́nnárì níbẹ̀, Koelle lorúkọ ẹ̀, ó jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń kọ ọ̀rọ̀ èdè wọn sílẹ̀. Ọdún 1854 ni ìwé ẹ̀ jáde, Yàgbà wà níbẹ̀, Ìjùmú wà níbẹ̀, Ọ̀wọ́rọ̀ wà níbẹ̀. Mo rí i, ara mi bù máṣọ. Èdè wa ti wà lórí ìwé nílẹ̀ òkèèrè kí ilé ìwé kankan tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àmọ́ sọ́néèmù ńkọ́? Thomas, Williams, Johnson, Cole ni wọ́n ń pín fún wọn. Ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa ní Bùnú ni James Thomas tó bá iṣẹ́ míṣọ̀n Bíṣọ́ọ̀bù Crowther padà wá sí Gbẹ̀bẹ̀ níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tẹ́ ẹ bá rí James Thomas nínú ìwé, ta ló máa sọ fún yín pé ọmọ Okun ni?

Èmi ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Freetown. Ọkùnrin Krio kan, ìyẹn àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú, tí a jọ wà ní ọ́fíìsì, Williams ni sọ́néèmù ẹ̀, ó sọ fún mi pé orúkọ Yorùbá kan wà tí wọ́n máa ń sọ àkọ́bí ọkùnrin nílé wọn, kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀, ó kàn mọ̀ pé kò gbọdọ̀ parun. Ó pè é fún mi. Mo sọ ìtumọ̀ ẹ̀ fún un. Ọkùnrin yẹn dìde lórí àga, ó lọ dúró lójú fèrèsé, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Òkègbémiró, padà wá
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, mo ka tiyín sétí ìyàwó mi, ó ní kí n kì ara mi fún òun, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni mo mọ̀. Mo ti pe àǹtí bàbá mi ní ìlú, mo ń gba ohùn wọn sórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, a ti dé ibi tí wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn obìnrin méjì tó gbẹ̀bí lórí òkè yẹn.

Kérésì tó kọjá la pe ara wa jọ, Òkègbémiró, Jòsẹ́fù àti Ìbúráhíìmù. Àwọn kan ní kí gbogbo wa padà máa jẹ́ Òkègbémiró, àwọn tó ti ní sáátífíkéètì ní kò ṣeé ṣe, wọ́n sì gba wàhálà yẹn rò dáadáa, Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ti sọ iye tó ń náni. A fẹnu kò pé ọmọ tí wọ́n bá bí láti ìsinsìnyí lọ, ì báà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ì báà ṣe ní mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, Òkègbémiró gbọ́dọ̀ wà lára orúkọ àárín ẹ̀. Ọmọ Ìbúráhíìmù kan ní Lọ́kọ́ja ló kọ́kọ́ ṣe é, ní oṣù kẹta. Lọ́jọ́ kejì Kérésì yẹn a gun òkè náà, àpáta yẹn ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé sá wọ abẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ gba àwọn méjìlá.

Màmá Ìbàdàn yẹn náà ṣì máa ń kí mi ní gbogbo ọdún. Ẹni tó bá mọ Òkègbémiró míì, pàápàá ní apá Èkìtì àti Kwara níbi tí àwọn tiwa kan sá gbà lọ nígbà ogun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi wọ́n. Òkè wo ni, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n.