Shingles mú Bàbá Táyé ní Guangzhou, Ṣáínà: ṣé ká gba abẹ́rẹ́ iná?

Ìyá Táyé
Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìjẹta ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Bàbá Táyé ti ń jó o bí iná. Láàárọ̀ àná, ìléròrò olómi sú síbẹ̀, ó tò láti ẹ̀yìn wá síwájú bí ìgbànú. Kò lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ìyá onílé wa wò ó, ó ní ejò ni, pé bí orí rẹ̀ bá fi lè pàdé ìrù rẹ̀ ní ìbàdí, ikú ni. Ó fẹ́ mú wa lọ bá oníṣègùn kan tó ń fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ta ló ti ṣe é rí?

Alájàpá Sanyuanli
Ìyá Táyé, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo mọ ìrora yẹn, ó mú mi lápá òsì ní 2018. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ejò já yín láyà. Shingles ni, kòkòrò ṣíkìnpọ́ọ̀sì tó ṣe wá lọ́mọdé ló ń fà á. Kì í kúrò lára, inú iṣan ìmọ̀lára ló ń sá pa mọ́ sí, ibi tí iṣan kan bá gbà ló ń tọ̀ jáde, ìdí tó fi sábà máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn.

Àṣìṣe tèmi ni pé àgbo ni mo kọ́kọ́ sáré rà. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi mu ún kí n tó dé ọsibítù. Acyclovir tàbí valaciclovir ni oògùn rẹ̀, wákàtí 72 àkọ́kọ́ tí ìléròrò yọ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Àkókò ò tíì kọjá fún Bàbá Táyé. Ẹ gbéra báyìí!

Nígbà tí tèmi gbẹ tán, ìrora ò lọ, omi ìwẹ̀ lásán ń ta mí. Ìgbà yẹn ni mo lọ sí ọsibítù ìṣègùn ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yí ibẹ̀ ká, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì rí oorun sùn. Abẹ́rẹ́ iná ni mi ò gbà: ńṣe ni wọ́n ń yan án lórí iná títí yóò fi pọ́n, àpá sì máa ń wú lára mi.

Bí wọ́n bá fún un ní Longdan Xiegan, oògùn ìbílẹ̀ Ṣáínà kan tó korò ju ewúro lọ, ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi igi oògùn kan tó ń jẹ́ guan mutong sí i, ó ba kíndìnrín àwọn èèyàn jẹ́, Ṣáínà sì fòfin dè é ní 2003.

Nọ́ọ̀sì Manchester
Ẹ fi aṣọ bo ojú ibẹ̀. Bí àwọn ìbejì ò bá tíì ṣe ṣíkìnpọ́ọ̀sì, wọ́n lè kó o lára omi rẹ̀. Kí aláboyún má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá yọ sí lẹ́bàá ojú tàbí ṣóńṣó imú, kó sáré lọ bá dókítà ojú.

Ìyá Táyé
Ẹ ṣeun gan-an. A ti wà ní ọsibítù, a ti gba nọ́ńbà. Bàbá Táyé ní kí n bi yín, ìgbà wo ni ìrora tiyín lọ tán?

Alájàpá Sanyuanli
Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún un ní síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, kó yí inú rẹ̀ síta, kí ojú rírán má baà máa ha ara rẹ̀.