Ṣé kí n yá owó ka ìmọ̀ ẹ̀rọ?

Ọmọ Mushin: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti rí àyè wọ yunifásítì fún mechanical engineering, ọdún márùn-ún gbáko. Bàbá mi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ládipọ̀. Ìka rẹ̀ méjì ò ṣeé ká mọ́, ó ní òun ò fẹ́ kí n jogún gíríìsì. Ṣé kí n gba owó NELFUND, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́? Ẹ̀rù gbèsè ń bà mí.

Ẹ̀gbọ́n Yábàá: Bó bá jẹ́ ilé ìwé ìjọba, gbà á jàre. Kò lélé. Ilé ìwé ni wọ́n ń sanwó fún tààrà, 20,000 náírà lóṣù á wà fún oúnjẹ. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí wọ́n tó máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ.

Ìyá Ìbejì: Owó oṣù wo? Ìwé yìí kan náà ni mo kà. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, wẹ́dà ẹnu géètì ń gbà jù mí lọ! AutoCAD, ìyẹn yíya àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, tí mo fowó ara mi kọ́ ló yọ mí. Lọ kàwé, ṣùgbọ́n má fi ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ sílẹ̀ nígbà ọlidé.

Ọmọ Mushin: Mo kà á fún bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé sípánà 13 wá.