Èmi, bàbá kan àti Detroit Lions ọdún 2021

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti ka ìtàn gbogbo yín lórí ìyà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fi jẹ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Kì í ṣe Chelsea, kì í ṣe Arsenal, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n máa ń gbá mọ́ àyà sáré. Lions, ẹgbẹ́ ìlú Detroit ní Michigan, ni tèmi.

Ọdún 2021 ni mo dé Michigan. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo kọ́kọ́ rí, gbogbo Sunday ni mo sì máa ń wà ní ṣíìfù. Bàbá kan wà lára àwọn tí mo ń tọ́jú, ó ti pé ọgọ́rin ọdún, ilé iṣẹ́ mọ́tò ló ti fẹ̀yìn tì. Bí aago kan ọ̀sán bá ti ń sún mọ́lé, á ní kí n gbé òun jókòó dáadáa kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lòun nígbà tí Lions gba ife kẹ́yìn, ìyẹn ní 1957, àtìgbà yẹn lòun ti ń retí òmíràn. Ẹ wo iye ọdún!

Kóòṣì tuntun ni wọ́n gbà lọ́dún yẹn, Dan Campbell. Òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù fún Lions rí, ó wà nínú ẹgbẹ́ ní 2008 tí wọ́n gbá 16 tí wọn ò mú ẹyọ kan. Ọjọ́ tí wọ́n fi í han àwọn oníròyìn, ó ní bí wọ́n bá gbé àwọn ṣubú, báwọn ṣe ń dìde làwọn á ti bu onítọ̀hún jẹ ní orúnkún. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ bàbá ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn. Ohun tó ń dun bàbá ni Matthew Stafford, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, tí wọ́n fi pààrọ̀ Jared Goff, lẹ́yìn ọdún méjìlá tó ti lò ní Detroit.

Kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀, ó ní kí n máa fi bíró pupa kọ èsì sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, W tí wọ́n bá borí, L tí wọ́n bá fìdí rẹmi, torí ọwọ́ tiẹ̀ ti ń gbọ̀n. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ L nìyẹn. Ìdíje àkọ́kọ́ gan-an, San Francisco nà wọ́n 41 sí 33, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ Jeff Okudah, agbábọ́ọ̀lù Lions, já, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, bó ṣe di pé kò tún gbá mọ́ lọ́dún yẹn nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, iṣan kan náà já lẹ́sẹ̀ Romeo Okwara tí wọ́n bí ní Èkó. Ó dùn mí bíi kó jẹ́ àbúrò mi.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé láyé ni ti September 26. Lions ń lé iwájú 17 sí 16, sẹ́kọ́ndì díẹ̀ ló kù, Justin Tucker ti Baltimore wá gbá bọ́ọ̀lù láti yáàdì 66, kò sì sẹ́ni tó tíì gbá a wọlé láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí nínú líìgì yẹn. Bọ́ọ̀lù náà bà lé igi ìdábùú, ó ta sókè, gbogbo wa di èémí mú, ó wá bọ́ sí ẹ̀yìn igi, ó wọlé, ó di 19 sí 17. Bàbá ò sọ̀rọ̀, ìka ló nà sí kàlẹ́ńdà.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí i, Minnesota tún ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, ìgbà tí àkókò ń parí, 19 sí 17 kan náà! Kóòṣì sunkún níwájú àwọn oníròyìn torí ó rí i pé àwọn ọmọ náà fi gbogbo ara ṣe é tí kò sì já sí nǹkan. Ibẹ̀ lọkàn mi ti fà mọ́ wọn. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo wà níbẹ̀ nígbà tí 3SC já sí líìgì ìsàlẹ̀ ní 2017, mo mọ bí kóòṣì ṣe máa ń di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ. Ọkùnrin yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

November 14, wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Pittsburgh nínú òjò, 16 sí 16. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá pé kí la fẹ́ kọ báyìí, ó ronú títí, ó ní kí n kọ T, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ ní kékeré.

Ó wá ku December 5. Wọ́n ti gbá mọ́kànlá láìborí. Minnesota tún ni, Minnesota ló sì ń lé iwájú 27 sí 23, sẹ́kọ́ndì mẹ́rin péré ló kù, yáàdì mọ́kànlá sí ilé, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gba ayò, Goff ju bọ́ọ̀lù, Amon-Ra St. Brown hán an láàárín ilé, àkókò parí! Mo pariwo débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rò pé bàbá ti ṣubú ni. Bàbá di ọwọ́ mi mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Kọ ọ́, kọ ọ́.” Ọwọ́ tèmi náà ti wá ń gbọ̀n, bíró fẹ́rẹ̀ẹ́ lu bébà já. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé ìwé mẹ́rin ní Oxford, tí kò jìnnà sí wa, kóòṣì fi bọ́ọ̀lù ìdíje náà ta àwọn ará ìlú yẹn lọ́rẹ.

Mẹ́ta ni wọ́n borí, 13 ni wọ́n pàdánù, ọ̀mì kan. Èyí tó kẹ́yìn, Green Bay, 37 sí 30, inú bàbá dùn bí ẹni gba ife. Nígbà tí wọ́n fún un ní kàlẹ́ńdà tuntun, ó ní kí n máa mú ti 2021 lọ ilé. Ó wà lára ògiri pálọ̀ mi báyìí, ojú ewé December ni mo ṣí i sí.