Àbọ̀ lórí ẹ̀yìn tó ń ro mí

Ẹ̀yin ará mi, mo ṣèlérí pé n ó padà wá jábọ̀. Ẹ rántí pé mo béèrè bóyá chiropractor (ẹni tó ń fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn àti oríkèé láti tọ́jú ìrora) ni kí n lọ bá tàbí físíò (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara), nítorí ẹ̀yìn tó ń ro mí látìgbà tí mo gbé àpò ìrẹsì. Àwọn méjèèjì ni mo lọ bá níbí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Chiropractor fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn mi, ó dún "kà!" Àyà mi já. Ó ní afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló dún, kì í ṣe egungun. Ara fúyẹ́ fún ọjọ́ méjì, ìrora náà tún dé. Físíò ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n ká orúnkún, kí n máa rọra gbé ìdí sókè ní ìgbà 10, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀sẹ̀ 6 ni mo fi ṣe é. Lánàá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ ọmọ mi láìdi ògiri mú. Inú mi dùn gan-an!

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, kì í sábà sanwó chiropractor. Ti físíò ni wọ́n ń san, àmọ́ ẹ lè dúró pẹ́. Ẹ wá orúkọ chiropractor lọ́dọ̀ General Chiropractic Council, ti físíò lọ́dọ̀ HCPC, àwọn àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣùgbọ́n bí ojú ara tàbí ìdí bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ ò ṣeé mú dúró mọ́, ẹ jọ̀ọ́, A&E (ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn) ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ ṣeun fún àdúrà yín. Ìbéèrè mi parí síbí.