Kí ló dé tó jẹ́ orí òkè ni plague jókòó sí ní Madagascar?

AkanjiOniwe: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń kà nípa plague, àrùn burúkú tó ń ti ara eku ran èèyàn, ní Madagascar, wọ́n ní ibi tó ga ju mítà 800 lọ ló fìdí kalẹ̀ sí, àwọn abúlé ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i. Èmi rò pé inú igbó tí oríṣiríṣi eku pọ̀ sí ni irú àrùn yẹn máa pọ̀ sí. Ṣé otútù òkè ló fà á ni, àbí eku ibẹ̀ ló yàtọ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jọ̀ọ́ kó là mí lóye.

MamaBiology: Akanji, iye oríṣi eku kọ́ ló wà níbẹ̀ o, èwo ló gba ilé gba oko ni kó o máa wò. Inú igbó wọn, wàá rí tenrec, ẹranko kékeré kan báyìí, wàá rí àwọn eku tí kò sí níbòmíì láyé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gé igbó yẹn tí wọ́n fi gbin ìrẹsì, èkúté dúdú tó bá ọkọ̀ ojú omi wá ló máa kún gbogbo ibẹ̀, òun ló wà létí oko, òun náà ló tún wà nínú àjà ilé. Kòkòrò tíńtín tó ń fò lára wọn, flea, òun ló ń gbé àrùn yẹn kiri. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Synopsyllus fonquerniei, Madagascar nìkan ló wà, òkè tútù yẹn ló sì bá a lára mu, ara èkúté oko ló ti ń jẹun. Èyí tó máa ń wà nínú ilé, Xenopsylla cheopis, tún wà níbẹ̀, bí àrùn ṣe ń ti oko wọlé nìyẹn. Èkúté òkè fúnra wọn tún ti le, àrùn yẹn kì í tètè pa wọ́n bíi ti ìsàlẹ̀.

OmoIsaleEko: Mama ẹ má bínú o, òkè wo ló wà l'Ékòó? Plague jà ńbí láti 1924 títí dé 1931, òun ló jẹ́ kí wọ́n dá LEDB, ìgbìmọ̀ tó ń tún ìlú Èkó ṣe, sílẹ̀ ní 1928 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wólé kiri 😂

MamaBiology: Ó béèrè dáadáa. Èbúté ló sábà máa ń gbà wọlé. Toamasina létí òkun ló ti kọ́kọ́ wọ Madagascar ní 1898, ó dé Antananarivo, olú ìlú wọn tó wà lórí òkè, ní 1921, nígbà tó yá ó pa rẹ́ létí òkun, ó wá dúró sórí òkè. Ó tún yọjú ní Mahajanga ní 1991 o, etí òkun náà nìyẹn, níbẹ̀ wọ́n bá a lára irú asín kan, Suncus murinus. Nítorí náà òkè nìkan kọ́.

AkanjiOniwe: Ẹ ṣeun mà. Tí wọ́n bá kúkú pa gbogbo èkúté yẹn ńkọ́?

NoosiAbule: Háà, má dán an wò! Tí èkúté bá kú, ebi á pa flea tó wà lára ẹ̀, ara èèyàn ló máa fò sí. Kòkòrò yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi oògùn pa kí wọ́n tó kan èkúté. Tí àrùn náà bá sì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, kò nílò eku mọ́, ikọ́ ló fi ń ràn, irú ẹ̀ ló pọ̀ jù ní Madagascar ní 2017 tí wọ́n ka ẹni 2,417, tí 209 sì kú. Oògùn wà fún un o, streptomycin, doxycycline, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ tètè dé ọsibítù ni.