Ẹ má pe iṣẹ́ Rubem Valentim ní "aláìjọǹkan"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó o.

Láti ìgbà tí Ọ̀gá wa tó ń gbé Houston ti gbé ọ̀rọ̀ tuntun wọn wá sínú ẹgbẹ́ wa yìí, níbi tá a ti jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun tuntun, ni mo ti ń pa á mọ́ra. Wọ́n ní àwòrán tí kì í ṣe ti ènìyàn, tí kì í ṣe ti ilé tàbí ẹranko, irú èyí tí Kandinsky ará Rọ́ṣíà yà, tí òyìnbó ń pè ní "abstract", ká máa pè é ní "àwòrán aláìjọǹkan". Wọ́n wá fi Rubem Valentim, ayàwòrán ará Brazil, ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn kan ti ń kan sáárá sí wọn. Ọwọ́ tèmi ò ní pàdé.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún létí ná. Bí mo bá wo aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀, tí mo ní kò jọ nǹkan kan, ṣé ẹ máa rò pé mo ń yìn yín ni? Ohun tí kò bá jọni lójú, a ti rí i fín nìyẹn. Ọmọ àbíkú nìkan là ń fún ní orúkọ àbùkù kó lè dúró, iṣẹ́ ọnà yìí ò sì ṣe àbíkú fún ẹnikẹ́ni. "Aláì-" yẹn gan-an lẹ́jọ́ wà lọ́rùn rẹ̀: aláìgbọ́n, aláìmoore, aláìnítìjú. Arábìnrin wa láti Ìlọrin ti gbèjà Ọ̀gá, wọ́n ní aláìlẹ́gbẹ́ àti aláìlábàwọ́n ńkọ́? Ó dáa. Ohun tí kò sí lára aláìlábàwọ́n ni àbàwọ́n, ó sì dára bí kò ṣe sí. Ohun tẹ́ ẹ wá ní kò sí lára àwòrán yìí ni ìjọra. Ṣé ìjọra ti wá di àbàwọ́n ni?

Ẹ jẹ́ ká wo ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Salvador ní Bahia ni wọ́n bí i sí ní 1922, ìlú tí ìlù òrìṣà kì í dákẹ́ nílé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà àwọn ará Brazil. Iṣẹ́ dókítà eyín ló kọ́ jáde. Ó gbé e jù sílẹ̀, ó di ayàwòrán, kò sì sí ọ̀gá tó jókòó tì í kọ́ ọ. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀. Ó kó lọ sí Rio ní 1957. Ẹ̀bùn ìrìnàjò tó gbà ní 1962 ló gbé e dé òkè òkun, ó sì gbé Róòmù títí di 1966, ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ dé àjọ̀dún ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú ní Dakar. Nígbà tó padà sílé, Brasília ló lọ. 1991 ló kú.

Kí ló ń yà? Oṣé Ṣàngó! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí oṣé rí mọ obìnrin tó máa ń wà lára rẹ̀, tó ru ẹdùn àrá olójú méjì sórí. Valentim á yọ obìnrin náà kúrò. Ojú ẹdùn méjèèjì ló máa kù, onígun mẹ́ta lọ́tùn-ún, onígun mẹ́ta lósì, ọ̀pá láàárín. Á da ojú wọn kọ ara wọn, á tò wọ́n léra láti ìsàlẹ̀ dókè, ohun tó bá wà lápá ọ̀tún á wà lápá òsì. Ọ̀dà rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní òjìji kankan. Abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣàṣàrà, ìgbálẹ̀ Ọbalúayé, wà níbẹ̀, ìbírí, ọ̀pá ọwọ́ òrìṣà Nàná, náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó kó jọ ní 1977, Templo de Oxalá, ilé Òrìṣàńlá, funfun báláú ni gbogbo rẹ̀. Ẹ mú adóṣù Ṣàngó kan dé iwájú àwòrán yìí, kẹ́ ẹ sọ fún un pé kò jọ nǹkan kan. Kẹ́ ẹ sì tètè máa sá lọ.

Ìyá tó tọ́ mi dàgbà, aládìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n, n'Íbàdàn. Wọ́n á ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ làfún, wọ́n á fa ìlà tín-ín-rín sára aṣọ funfun, ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n. Ẹ lọ wo Ìbàdàndùn dáadáa: òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 ló wà lára rẹ̀, ṣíbí wà láàárín òpó. Ìlà lásán ni òpó yẹn. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún kò lè mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, adùn ìlú ni wọ́n fi sọ aṣọ lórúkọ, wọn ò pè é ní aṣọ aláìjọmápó.

Ẹlòmíràn dá "afòyemọ̀" lábàá. Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ inú gírámà la ti gbé e wá. Ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù ni ọ̀rọ̀-orúkọ afòyemọ̀, wọn ò ṣe é fọwọ́ kàn. Kánfáàsì, aṣọ tí wọ́n ń ya àwòrán sí, ṣe é fọwọ́ kàn, ojú la sì fi ń wò ó kó tó dóye.

"Ọnà àfàyọ" ni tèmi. Valentim rí oṣé, ó fa onígun mẹ́ta yọ lára rẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní ti inú ìwé ni àfàyọ. Àyọkà lẹ ní lọ́kàn, ẹ lọ bá olùkọ́ yín. Ti Pollock ará Amẹ́ríkà, tó ń tẹ́ kánfáàsì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń da ọ̀dà lé e lórí, n ò rò pé ó fa nǹkan kan yọ. Ẹ wá orúkọ tirẹ̀ fún un, ẹ má so ó mọ́ Valentim lọ́rùn.

Ohun kan tún kù tó ń bí mi nínú. Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ọṣẹ Ṣàngó". Ọṣẹ la fi ń wẹ̀ o. Àwọn ará Brazil tó ń kọ ọ́ ní oxê ò pè é ní ọṣẹ. Ọ̀gá ní fóònù ló yí i padà. Ṣé fóònù náà ló kọ "iṣẹ́ ọ̀nà" látòkè délẹ̀? Àwọn tó ń da ọ̀dà sí títì ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀nà. Kí alábòójútó ẹgbẹ́ wa má tíì gbé ohun tí Ọ̀gá kọ yẹn sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa títí tí wọ́n á fi tún un kọ.